Kọ́ìnì kan, máàkì mẹ́ta: ta ni ká gbà gbọ́ nínú àwọn tó ń díwọ̀n owó fàdákà Gẹ̀ẹ́sì?

SílèMéjìÀbọ̀ (London)

Ẹ kú alẹ́ o, ẹ̀yin ará ilé. Ọ̀rọ̀ kan ń jẹ mí lọ́kàn, mo ní kí n gbé e wá síbí kí n tó fi ìbínú ta nǹkan yìí dànù.

Lọ́dún mẹ́ta sẹ́yìn mo ra sílè méjì àbọ̀ kan ní ọjà kọ́ìnì ní Bloomsbury. Half-crown ti Ọba Edward VII ni, 1906 ló wà lára rẹ̀. Ẹni tó tà á fún mi fi bírò kọ "GEF" (Good Extremely Fine, pé owó náà ṣì dára gan-an) sára àpòòwé kékeré tó kó o sí. Owó náà wù mí: irùngbọ̀n ọba ṣeé kà ní ìlà-ìlà, asà tó wà lẹ́yìn rẹ̀ pé pérépéré, àwọ̀ eérú ló mú, pẹ̀lú búlúù díẹ̀ létí. Ibi kan ṣoṣo tó ń kọ mí lóminú ni irun tó wà lókè etí ọba. Ó tẹ́ díẹ̀.

Mo fi ránṣẹ́ sí ilé-iṣẹ́ kan tó ń díwọ̀n kọ́ìnì (mi ò ní dárúkọ wọn). Wọ́n dè é mọ́ inú ike, wọ́n fún un ní MS62. Inú mi dùn. Ọ̀rẹ́ mi kan wò ó, ó ní, "62 kẹ̀? 64 lèyí, wọ́n rẹ́ ọ jẹ ni." Bí mo ṣe mú òòlù nìyẹn, mo fọ́ ike, mo tún fi owó náà ránṣẹ́ sí ilé-iṣẹ́ kan náà. Lọ́tẹ̀ yìí wọ́n kọ AU58. Inú bí mi, mo tún fọ́ ike, mo gbé e lọ sọ́dọ̀ ilé-iṣẹ́ mìíràn. Àwọn yẹn ò tiẹ̀ fún un ní nọ́ńbà rárá. "Cleaned" ni wọ́n kọ, pé ẹnì kan ti fọ̀ ọ́.

Kọ́ìnì kan náà o! Etí rẹ̀ nìkan ni mo máa ń dì mú láti ọjọ́ tí mo ti rà á. Èwo ni kí n gbà gbọ́ nínú mẹ́ta yìí?

ÌjẹbúDọ́gẹ́ (Manchester)

Ká tó sọ ohunkóhun, èló lo ti ná? Owó ìdíwọ̀n lẹ́ẹ̀mẹta, owó ìfiránṣẹ́ àlọ àti àbọ̀ lẹ́ẹ̀mẹta, inṣọ́ránsì lẹ́ẹ̀mẹta.

SílèMéjìÀbọ̀

Ẹ̀gbọ́n, ẹ má jẹ́ n kọ ọ́ síbí. Ìyàwó mi máa ń ka ojú òpó yìí.

BàbáTọ́rọ́ (Leeds)

Ọmọ mi, fara balẹ̀. Wọn ò pa irọ́ fún ọ, àmọ́ kò sí èyí tó mọ̀ ọ́n tán nínú wọn.

Orí Edward yẹn gan-an ni wàhálà àkọ́kọ́. De Saulles tó gbẹ́ ẹ kò jẹ́ kó ga sókè lára owó. Gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ sílè Victoria ti ìgbà èwe rẹ̀, wàá rí i pé irun Victoria dìde, ti Edward sùn. Ohun tó sùn báyẹn, ọdún díẹ̀ nínú àpò ṣòkòtò ti tó láti fá a. Ìdí nìyẹn tí owó fàdákà Edward tó ṣì mọ́ roro fi ṣòroó rí, títí kan àwọn ọdún tí wọ́n rọ ọ̀pọ̀ rẹ̀.

Ṣùgbọ́n irun tó tẹ́ lè ní ìtumọ̀ méjì. Ó lè jẹ́ pé ọwọ́ àwọn èèyàn ló fá a. Ó sì lè jẹ́ pé láti ilé ìrọwó ló ti wá bẹ́ẹ̀, torí ibi tó jìn jù nínú ọ̀ǹtẹ̀ ni fàdákà máa ń dé kẹ́yìn, bí wọn ò bá sì lù ú kó wọlé dáadáa, ibẹ̀ á ṣófo. Èkíní, 58 ni. Èkejì lè jẹ́ 62, kódà 63. Lójú lásán, ìbejì ni wọ́n.

Bí mo ṣe máa ń yà wọ́n sọ́tọ̀ rèé. Pa iná yàrá. Tan àtùpà kan ṣoṣo, kí gílóòbù rẹ̀ jẹ́ aláwọ̀ ìyeyè àtijọ́, kó má jẹ́ funfun bíi ti ọ́fíìsì. Di kọ́ìnì mú létí, gbé e sábẹ́ iná, kí o máa yí i wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́. Lára owó tí kò tíì wọ ọjà, ìmọ́lẹ̀ á máa yí po bíi sípóòkù kẹ̀kẹ́. Tẹjú mọ́ irun yẹn. Bí ìmọ́lẹ̀ bá gun orí rẹ̀ kọjá láìdúró, ọ̀ǹtẹ̀ ni kò wọlé. Bó bá dé ibẹ̀ tó kú, tí ibẹ̀ ṣú bí eérú tútù, àpò ẹnì kan ló jẹ ẹ́.

Ẹni tó wò ó lẹ́ẹ̀kíní rí ọ̀nà kan, ẹni tó wò ó lẹ́ẹ̀kejì rí ọ̀nà kejì. Ìṣẹ́jú àáyá mélòó kan ni wọ́n fi ń wo ọ̀kọ̀ọ̀kan.

Kọ́bọ̀Méje (Ìbàdàn)

Ẹ jọ̀ọ́, mo ṣẹ̀ṣẹ̀ dé àárín yín ni. Kí ni 58, kí ni 62? Ṣé lórí ọgọ́rùn-ún ni wọ́n ń ṣe máàkì ọ̀hún?

TòkunbọHouston (Texas)

Àbúrò, 70 lòpin. William Sheldon, ará Amẹ́ríkà, ló gbé ìwọ̀n yìí jáde ní 1949, kó lè fi to àwọn owó bàbà ńlá Amẹ́ríkà lẹ́sẹẹsẹ. Kò ro ti fàdákà Gẹ̀ẹ́sì rárá. Láti 60 sókè là ń pè ní MS, owó tí kò tíì bọ́ sọ́wọ́ ọjà. Láti 50 dé 58 ni AU, èyí tó fẹ́rẹ̀ẹ́ dé ibẹ̀. 59 kò sí níbẹ̀. AU58 dà bí ẹni tó sáré dé ẹnu ọ̀nà tí wọ́n wá ti ilẹ̀kùn mọ́ ọn lójú. Èyí tó ń pa mí lẹ́rìn-ín ni pé AU58 tó dáa máa ń rẹwà ju MS60 lọ, torí MS60 lè má tíì wọ ọjà lóòótọ́, kó sì ti gbá mọ́ àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ nínú àpò báǹkì títí tí ojú rẹ̀ fi kún fún àpá.

BàbáTọ́rọ́

Tòkunbọ̀ ṣé é re, ṣùgbọ́n ó ku ibì kan. Iye owó ni Sheldon ń fi nọ́ńbà yẹn wá. Èrò rẹ̀ ni pé èyí tó jẹ́ 70 á tó ìlọ́po àádọ́rin iye èyí tó jẹ́ 1. Iye ọjà ni, àwọn ọmọ ẹ̀yìn rẹ̀ ló sọ ọ́ di ìwọ̀n ẹwà.

Àwa tí a dàgbà sínú kọ́ìnì níbí, ọ̀rọ̀ ẹnu la mọ̀: Fine, Very Fine, Extremely Fine, Uncirculated. Nígbà tó yá ilé-iṣẹ́ ìdíwọ̀n kan, CGS, náà gbé ìwọ̀n tiwọn dé nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, tiwọn lọ dé 100. Ẹni tó bá ń ra owó kan náà káàkiri á wá máa ṣírò bí ẹni tó ń ṣẹ́ náírà sí pọ́n-ùn.

Ẹ sì wo nǹkan kan tí gbogbo yín fò dá. EF ti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì le ju EF ti Amẹ́ríkà lọ. Owó tí ògbólógbòó oníṣòwò bá kọ GEF sí níbí, bó bá dọ́wọ́ àwọn ará Amẹ́ríkà, àárín 58 sí 62 ló sábà máa ń bọ́ sí. Ẹ padà lọ ka ohun tí ọmọ yìí kọ. GEF, 62, 58. Àpòòwé Bloomsbury tí kò gba kọ́bọ̀ lọ́wọ́ ẹ ti sọ ọ́ tán lọ́jọ́ tí o rà á.

SílèMéjìÀbọ̀

Bàbá, ẹ fẹ́ pa mí.

TòkunbọHouston

Ẹ jẹ́ n gbèjà àwọn oníke díẹ̀, torí mo rí i pé gbogbo yín ti dìde sí wọn. Ilé-iṣẹ́ ìdíwọ̀n PCGS bẹ̀rẹ̀ ní 1986, NGC tẹ̀ lé e ní 1987. Kí wọ́n tó dé, ohun tó wu olùtajà ló ń pe ọjà rẹ̀. Bó bá ń rà lọ́wọ́ rẹ, ó ti jẹ. Bó bá ń tà á fún ọ, kò tíì jẹ. Ike yìí ló jẹ́ kí èmi tí mo wà ní Houston lè ra owó tó wà ní London láìtíì fojú kàn án. Ju ẹnì kan lọ ló ń wò ó níbẹ̀, ẹni tó ń wò ó kò sì mọ ẹni tó ni ín.

Ká tiẹ̀ wá fi nọ́ńbà sílẹ̀, ayédèrú ńkọ́? Sílè méjì àbọ̀ ti 1905, 166,008 péré ni wọ́n rọ. Gbogbo ẹni tó ń kó owó Edward jọ ló ń wá a. Ayédèrú rẹ̀ sì pọ̀ nígboro. Ta ni nínú yín ló máa kó owó rẹpẹtẹ lé 1905 tí kò sí nínú ike?

ÌjẹbúDọ́gẹ́

Èmi. Bí mo bá ti wọ̀n ọ́n, tí mo wo etí rẹ̀. Gíráàmù 14.14 ló yẹ kó wọ̀n, fífẹ̀ rẹ̀ jẹ́ mìlímítà 32 àti díẹ̀.

TòkunbọHouston

Ẹ̀gbọ́n, àwọn tó ń ṣe ayédèrú náà ní òṣùwọ̀n nílé.

AlágbẹdẹFàdákà (Birmingham)

Ẹ kú ìjókòó o. Iṣẹ́ fàdákà ni mò ń ṣe ní Hockley, kọ́ìnì kàn jẹ́ àìsàn tí mo kó lẹ́gbẹ̀ẹ́ iṣẹ́ ni. Ẹ ti ń jiyàn lórí 58 àti 62, ẹ fi ẹ̀kẹta sílẹ̀, òun ló sì jù. "Cleaned" ni ọ̀rọ̀ tí wọn kì í bára mu lé lórí nínú fàdákà Gẹ̀ẹ́sì.

Fàdákà máa ń gba imí ọjọ́ láti inú afẹ́fẹ́. Á kọ́kọ́ pọ́n bí oyin, á di àwọ̀ tábà, lẹ́yìn náà ni búlúù àti àlùkò, ìgbẹ̀yìn rẹ̀ ni dúdú. Lára fàdákà gan-an ni àwọ̀ yẹn ti wá, kì í ṣe ìdọ̀tí tó lẹ̀ mọ́ ọn. Tí èèyàn bá tì í bọ inú omi ìfọfàdákà, omi yẹn á ká àwọ̀ náà kúrò pẹ̀lú awọ fàdákà tó ti yípadà. Mo ti fi sílè 1916 kan dánwò, èyí tí kò tíì jẹ púpọ̀. Ẹ̀ẹ̀kíní, ìṣẹ́jú àáyá mẹ́ta, ó funfun gbòò, ìmọ́lẹ̀ ṣì ń yí lára rẹ̀. Bí mo bá fi ránṣẹ́, ó ṣeé ṣe kí wọ́n fún un ní nọ́ńbà. Ẹ̀ẹ̀kejì, ó ṣì funfun, ṣùgbọ́n ìmọ́lẹ̀ ti ń wọ́ ẹsẹ̀. Ẹ̀ẹ̀kẹta, ó dà bí ṣíbí ìdáná. Nísinsìnyí, ẹ sọ fún mi, nínú ìgbà mẹ́ta yẹn, ìgbà wo ló di "fífọ̀"? Ibẹ̀ ni àwọn tó ń díwọ̀n ti ń yapa, torí gbogbo wọn ló gbà pé ìbọmi díẹ̀ kò burú, ibi tí díẹ̀ parí sí ni kálukú ní tirẹ̀.

Aṣọ tún yàtọ̀ sí omi. Ẹni tó bá fi aṣọ nu fàdákà, ìlà wẹ́wẹ́ bí irun ló máa fi sílẹ̀, gbogbo wọn á dojú kọ ibì kan náà. Àpá tó bá ti inú àpò wá kì í tò báyẹn, ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni wọ́n ń gbà. SílèMéjìÀbọ̀, nígbà tí o bá ń ṣe ti Bàbá lábẹ́ iná, má wo irun nìkan. Wo gbangba tó wà níwájú imú ọba àti lẹ́yìn ọrùn rẹ̀.

BàbáTọ́rọ́

Ẹ ṣeun, Ìyá. Ẹ rántí 1902 pẹ̀lú.

AlágbẹdẹFàdákà

Ha, Bàbá, ọ̀rọ̀ ẹkún nìyẹn! Fún àwọn tí kò mọ̀: nígbà tí Edward gorí oyè, ilé ìrọwó ṣe àkànṣe owó tí wọ́n mọ̀ọ́mọ̀ jẹ́ kí ojú rẹ̀ ṣú, kò dán rárá. Ti sílè márùn-ún, 15,123 ni. Àwọn tó rà á gbé e délé, wọ́n rò pé ìdọ̀tí ni, wọ́n fa aṣọ yọ. Nínú mẹ́wàá tí ẹ bá gbé sí mi lọ́wọ́, mo lè fi ibi imú ọba tó ń kọ mànà hàn yín lára èyí tó pọ̀. Nígbà mìíràn wọ́n á kọ "cleaned" sí i, nígbà mìíràn wọ́n á fún un ní 61 kí wọ́n gbójú fò ó, torí pé bí wọ́n bá ní kí wọ́n lé gbogbo èyí tí wọ́n ti nù dànù, mélòó ló máa kù?

Owó tí wọ́n rọ láti 1920 náà ní ọ̀ràn tirẹ̀. Lẹ́yìn ogun, fàdákà wọ́n débi pé ohun tó wà nínú sílè fẹ́ ju sílè lọ, ni ìjọba bá sọ ọ́ kalẹ̀ láti 925 nínú ẹgbẹ̀rún sí 500. Bàbà àti nǹkan mìíràn ló kún ìdajì tó kù. Kí ó má bàa pọ́n, wọ́n máa ń fi ásíìdì mú fàdákà wá sí ojú rẹ̀. Ojú yẹn fẹ́lẹ́. Ó jẹ díẹ̀ báyìí, àwọ̀ ìyeyè burúkú kan á yọjú. Ẹni tó ti mọ́ lára láti máa wo fàdákà dáadáa, bó bá rí i, á ní wọ́n ti fọ̀ ọ́ ni, nígbà tó jẹ́ pé ìwà ẹ̀ nìyẹn.

Kọ́bọ̀Méje

Ẹ dákun, ìyá ìyá mi fi sílè Victoria kan sílẹ̀, 1887. Wọ́n lu ihò sí i, ọrùn ni wọ́n máa ń so ó mọ́. Ṣé wọ́n lè dí ihò náà kí n fi ránṣẹ́?

BàbáTọ́rọ́

Má dán an wò! Kò sí ẹni tó máa fún un ní nọ́ńbà, yálà ihò wà níbẹ̀ tàbí wọ́n ti dí i. Ṣùgbọ́n ìwọ mọ ohun tó wà lọ́wọ́ rẹ? Kí wọ́n tó máa rọ owó fàdákà ti Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà lọ́tọ̀ ní 1913, fàdákà Gẹ̀ẹ́sì yìí gan-an la ń ná ní Èkó àti lókè odò. Àwọn alágbẹ̀dẹ ń yọ́ ọ ṣe ẹ̀gbà. Tìẹ bọ́ lọ́wọ́ wọn, ó dọ́rùn ìyá àgbà. Tún okùn rẹ̀ ṣe, kí o fún ọmọ rẹ.

ÌjẹbúDọ́gẹ́

Ká padà sí ọ̀rọ̀ owó. SílèMéjìÀbọ̀, nígbà tí o fọ́ ike, ìwé pélébé tó wà nínú rẹ̀ ńkọ́? Ṣé o dá a padà fún wọn?

SílèMéjìÀbọ̀

Mo jù ú sí pàǹtí.

ÌjẹbúDọ́gẹ́

Ó dáa bẹ́ẹ̀. Nínú àkọsílẹ̀ iye kọ́ìnì tí ilé-iṣẹ́ yẹn ti díwọ̀n, 1906 tìrẹ ti di méjì lónìí: MS62 kan àti AU58 kan. Ẹlòmíràn á lọ wo àkọsílẹ̀ yẹn, á ní "iye báyìí ló wà láyé," á sì fi í ṣòwò. Ìwọ nìkan ti bí ọmọ méjì fún wọn láti inú kọ́ìnì kan. Ẹ wá fojú inú wò ó, àwọn tó ń fọ́ ike lẹ́ẹ̀mẹ́wàá torí kí 64 lè di 65, níbi tí àlàfo iye owó ti tóbi. Èmi ò ka àkọsílẹ̀ yẹn sí mọ́ fún owó Edward, àfi kí n fi mọ èyí tó ṣọ̀wọ́n ju èkejì lọ.

Òfin tèmi: tí owó ìdíwọ̀n bá ju ìdá kan nínú márùn-ún iye kọ́ìnì lọ, mi ò fi ránṣẹ́. Sílè méjì ti 1887 tí gbogbo ayé tọ́jú sínú dúrọ́ọ̀ nítorí Júbílì Ọbabìnrin Victoria, ẹ ń fi ránṣẹ́ kí ni?

TòkunbọHouston

Lórí èyí, mo gbà. Àmọ́ mi ò gbà pé kò sí ìlànà. Bí o bá kó ọgọ́rùn-ún owó fún wọn lẹ́ẹ̀mejì, èyí tó pọ̀ jù á padà wá sí nọ́ńbà kan náà tàbí ọ̀kan sókè, ọ̀kan sísàlẹ̀. Ohun tó jẹ́ kí ti arákùnrin wa yìí dà bí ìjàm̀bá ni pé ojú ààlà gan-an ni owó rẹ̀ dúró sí. Láti 58 sí 62, ìṣísẹ̀ kékeré ni, àmọ́ ibẹ̀ ni ọjà fi odi sí.

AlágbẹdẹFàdákà

Òótọ́ lo sọ. Èmi á kàn fi kún un pé fàdákà Gẹ̀ẹ́sì fẹ́ràn láti máa dúró sí ojú ààlà.

SílèMéjìÀbọ̀

Ẹ kú àárọ̀. Mo ṣe é lálẹ́ àná. Ìyàwó mi bá mi di àtùpà mú (ó ti ka ibi tí mo ti dárúkọ rẹ̀, ẹ kú ewu).

Bàbá, ìmọ́lẹ̀ gun orí irun kọjá. Kò dúró. Mo yí i nígbà mẹ́wàá, ó ń kọjá. Ọ̀ǹtẹ̀ ni kò wọlé, ọwọ́ èèyàn kọ́ ló fá a. Mo ti fẹ́ máa jó.

Ẹ̀gbọ́n Birmingham wá bà á jẹ́. Mo mú awò ìlọ́po mẹ́wàá, mo wo ẹ̀yìn ọrùn ọba. Ibì kan wà níbẹ̀ tó tó orí àtàǹpàkò, àwọn ìlà fínnífínní tí wọ́n jọ gba ọ̀nà kan náà, láti ọrùn lọ sí etí owó. Lójú ọ̀sán wọn ò hàn rárá. Àwọ̀ eérú ti bò wọ́n, ìyẹn ni pé ẹni tó nù ún ti nù ún tipẹ́, bóyá kí wọ́n tó bí bàbá mi.

Nítorí náà ẹni tó ní 62 rí irun. Ẹni tó ní "cleaned" rí ẹ̀yìn ọrùn. Ẹni tó ní 58, mi ò mọ ohun tó rí, bóyá ó rí méjèèjì ó sì pín in sáàárín.

Mo ti yọ ọ́ kúrò nínú ike kẹta. Ó ti padà sínú àpòòwé Bloomsbury.

BàbáTọ́rọ́

Fi lẹ́ẹ̀dì kọ "ìlà lẹ́yìn ọrùn" sábẹ́ GEF yẹn. Má fi bírò kọ ọ́, á gba inú bébà kàn án.

ÌjẹbúDọ́gẹ́

Èló ni gbẹ̀yìn? Mo ní àyè 1906 lójú páálí mi. Ìlà ẹ̀yìn ọrùn kò dí mi lọ́wọ́, ṣùgbọ́n á wọ inú iye.

SílèMéjìÀbọ̀

Ẹ̀gbọ́n, iye tí mo ti ná lé e lórí, ẹ ò lè rà á.

ÌjẹbúDọ́gẹ́

Iye tí o ná lé ike kò kàn mí. Kọ́ìnì ni mò ń bèèrè.

Alábòójútó

Ẹ̀yin méjèèjì, abala ọjà wà lókè ní apá ọ̀tún. Ẹ má ná ọjà níbí mọ́.